Ọwọ́ Kan Ò Gbé Ẹrù Dórí: Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Oúnjẹ Wa Fúnra Wa

Ọ̀rọ̀ ojú ewé òwò lọ́tẹ̀ yìí kan ẹni tó ń se oúnjẹ tà, ó kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò láti gbé e dé ilé oníbàárà, ó sì kan gbogbo àwa tí à ń fi fóònù ra oúnjẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí abọ́ iyán àti ẹ̀gúsí bá jẹ́ £15, owó làádá tí àwọn ilé-iṣẹ́ áàpù ń gbà lọ́wọ́ olóúnjẹ lè tó ìdá 30 nínú 100. £4.50 ti lọ nìyẹn. Nínú £10.50 tó kù ni yóò ti san owó iṣu, ẹran, gáàsì, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó gbé oúnjẹ náà ńkọ́? Iye ẹrù tó bá gbé ni wọ́n ń sanwó fún. Bó bá dúró wákàtí kan láìríṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fẹ́ ló dúró.

Àwọn kan ń retí pé òfin ni yóò gbà wá. Lóòótọ́, ní oṣù kejì ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Ìlú Ọba sọ pé àwọn awakọ̀ Uber lẹ́tọ̀ọ́ sí owó-iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ àti owó ìsinmi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lè fi dandan mú Deliveroo láti bá òun dúnàádúrà nítorí àwọn tó ń gbé oúnjẹ, torí pé wọ́n lè rán ẹlòmíì níṣẹ́ dípò ara wọn. Ẹni tó bá ń dúró de ilé-ẹjọ́, yóò dúró pẹ́.

Alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn àgbẹ̀ kòkó nílẹ̀ Yorùbá rí i pé alágbàtà ló ń jẹ èrè oko wọn, ni wọ́n bá kó kòkó jọ, wọ́n ń tà á pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 1935. Nígbà tó di 1953, wọ́n ti ní báǹkì tiwọn n'Ìbàdàn, Co-operative Bank. Alágbàtà kòkó náà ni áàpù òde òní. Inú fóònù ló gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sí.

Àwọn ẹlòmíì ti ń ṣe é. Lọ́dún 2016, Take Eat Easy, ilé-iṣẹ́ agbóúnjẹ kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, wó lójijì, ó sì jẹ àwọn oníkẹ̀kẹ́ lówó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan ní Faransé ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CoopCycle, tí wọ́n fi òfin dè pé alájẹṣẹ́kù àti irú rẹ̀ ló lè fi ṣòwò. Ní Barcelona, àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá Mensakas sílẹ̀ lọ́dún 2018. Ní Iowa City, l'Amẹ́ríkà, àwọn olóúnjẹ fúnra wọn ló dá CHOMP sílẹ̀ lọ́dún 2017.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ká ṣe áàpù tiwa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi náwó àwọn olùdókòwò wọn lórí ìpolówó àti ẹ̀dínwó. A ò lówó tí a ó fi bá wọn du ẹni tó fẹ́ bọ́gà kan ní ìṣẹ́jú 20. Ibi tí agbára wa wà ni oúnjẹ tí wọ́n ti sọ sílẹ̀ láti àná: kúlà ìrẹsì fún òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, oúnjẹ ọ̀sán ibi iṣẹ́. Ẹnì kan lè gbé ti ilé márùn-ún ní àdúgbò kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbẹ̀ ni ìnáwó ti ń dín kù, WhatsApp sì tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí àwọn ọmọ wa tó wá kàwé. Òfin kò gbà kí ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ áàpù rí. Ṣùgbọ́n bí alájẹṣẹ́kù bá gbà wọ́n síṣẹ́ tó ń sanwó bó ṣe yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé wà nínú táàmù. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò léèrè kí wọ́n tó ra ìpín.

Àjọ dára, ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ti kó tirẹ̀ tán, àpò ti ṣófo. Ti alájẹṣẹ́kù máa ń ṣẹ́kù. Lábẹ́ òfin ọdún 2014 ní Ìlú Ọba, èèyàn mẹ́ta tó láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìbò kan ṣoṣo sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ì báà jẹ́ olówó ì báà jẹ́ oníkẹ̀kẹ́.

Àbá mi fún ìpàdé wa tó ń bọ̀ nìyí: kí olóúnjẹ mẹ́ta àti agbóúnjẹ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ká dán an wò fún oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n ra ìnṣọ́ránsì tó yẹ fún iṣẹ́ náà. Kí wọ́n máa ka ìṣirò owó síta lóṣooṣù, nítorí owó tí a ò mọ bí wọ́n ṣe ná an ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Bí kò bá pé, a ó mọ ìdí rẹ̀. Bó bá pé, ilé wa lèrè yóò wà.

Ẹ wá sípàdé o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.