Ọ̀ràn Ọmọ Tí A Ń Pè Ní Olódo

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ ọjọ́ a ó fi ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, a ó sì tú ká lọ máa kọ́ni ní àwọn ìletò. Níbẹ̀ ni a ó gbé bá ọmọ kan tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, tí kì í wo ojú ẹni, tàbí tí ó ti lo ọdún 3 lórí A, B, D. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní olódo. Àwọn aládùúgbò ń wí pé èpè ni ó ń jà á. Àwa náà, nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, ti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà rí. Kò yẹ kí a gbé àṣà náà dé ibi iṣẹ́ wa, nítorí orúkọ tí olùkọ́ bá pe ọmọ ni gbogbo ìletò yóò máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èpè kúrò nílẹ̀. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí 9, Olúwa kọ̀ láti di ẹ̀bi ìfọ́jú ru ọkùnrin náà tàbí àwọn òbí rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ̀ ìṣègùn sì ti fi hàn pé ibà pọ́njú líle lára ọmọ tuntun, tàbí àìtètè mí nígbà ìbí, lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gọ̀ rárá, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn.

Ẹlòmíràn lè wí pé àgbẹ̀ tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ní ìlú ńlá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò ilé 3, èyí tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè darí bí a bá ti kọ́ ọ. Eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2019 sì fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Nítorí náà, kí a fi ọmọ náà jókòó níwájú. Kí a pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún un, kí a sì yìn ín lórí èyí tí ó bá ṣe, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí a má ṣe na ọmọ nítorí ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Bí gìrì bá ń gbé e, kí a rọ àwọn òbí rẹ̀ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọn má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a bẹ ìyá rẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ru ẹrù náà.

Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ǹjẹ́ kí ojú tiwa wà nínú igba náà.