Ẹ̀yin Ará Mazamaza, Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Bu Ọwọ́ Lùwé

Ẹ̀yin lándíláàdì Festac, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Onitsha àti Aba láti Mazamaza, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Amuwo-Odofin, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí wọ́n bá pàgọ́ sí gáréèjì tàbí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní àwọn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́, kíá la ó ti tò. Wọ́n á gún wa lọ́mọ ìka, wọ́n á tẹ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wa sínú táblẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ká bu ọwọ́ lùwé. Ta ló ń kà á?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, bó bá jẹ́ ìwádìí ni wọ́n ń ṣe, mi ò ní ká lé olùwádìí. Nínú ìwádìí àgbáyé lórí DNA tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ọmọ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń fi DNA wọn ṣèwádìí. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn, wọ́n sì bá àwọn ará àdúgbò jíròrò.

Àmọ́ yíyọ orúkọ nìkan ò tó mọ́. Ní 2013, Yaniv Erlich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú àkọsílẹ̀ DNA tí kò lórúkọ, wọ́n fi wé ohun tí àwọn tó ń tọpa ìran wọn kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dá èèyàn bí 50 mọ̀. Ẹ wá ro ohun tí ojú ẹni tó ní kòkòrò HIV máa rí bí àṣírí rẹ̀ bá tú báyìí, tó sì ń gbé nínú ilé tí ogún èèyàn ti ń lo bálùwẹ̀ kan.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà 2023 fi ìṣọ́ pàtàkì sórí ọ̀rọ̀ ìlera àti DNA wa. Ó fàyè gba ìwádìí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ààbò. Dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tó gbà lónìí sì lè kọ̀ lọ́la. Bí dátà tó lè kó wa sí wàhálà bá jábọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, láàárín wákàtí 72. Àwọn olùwádìí kan ń ráhùn pé ìwé ti pọ̀ jù. Wọn ò purọ́ o. Ìwé rẹpẹtẹ tí aláìsàn ò gbọ́ èdè rẹ̀ ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò pé bó bá jẹ́ ìwádìí, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí hàn wá. Kí wọ́n ṣàlàyé lédè Yorùbá, Ìgbò, Ègùn tàbí Píjìnì. Kí wọ́n sọ ẹni tó ń tọ́jú dátà, orílẹ̀-èdè tó ń lọ, àti ẹni tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí iléeṣẹ́ wọn bá kógbá wọlé. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà: iléeṣẹ́ 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 láti kó DNA ọmọ Áfíríkà jọ, ti ilẹ̀kùn ní 2023. Ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ má fún wọn láyè láìríwèé. Pásítọ̀ àti lèmọ́mù, ẹ kéde ìpinnu náà. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, kó fẹjọ́ sun NDPC. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kí akọ̀wé CDA bá a kọ ọ́.