Ẹ Má Tíì Ta Bedford Yẹn fún Àwọn Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ní Oníkan l'Ékòó, nínú mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀, Mercedes-Benz dúdú kan wà níbẹ̀ tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976. Kò sí páńẹ́ẹ̀lì-bítà gidi tí kò lè dí àwọn ihò yẹn láàárín ọjọ́ méjì, kí ó kùn ún, kí ó sì máa dán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá dí wọn, mọ́tò àlòkù lásán ló dà.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àríyànjiyàn tó ti ń lọ láàárín àwa ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ Bedford tó wà ní abúlé wa. Apá kan ní kí a tún un ṣe kí ó rí bí ìgbà tó kúrò ní bárékè. Apá kan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìtàn ni. Àwọn tó pọ̀ jù, tí àwọn ẹbí mi wà nínú wọn, ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ká pín owó rẹ̀. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bedford RL ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù ológun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1953. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà, bẹntiróò ló ń mu, ó sì lè yí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹrọ̀fọ̀ má baà dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n rà á ní gbàǹjo lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Wọ́n fi kó kòkó, wọ́n fi kó ẹ̀gẹ́, nígbà tó yá wọ́n fi kó gẹdú lọ sí ọjà pákó Bódìjà, títí jíà fi kọ̀, tí wọ́n sì gbé e dúró sí ẹ̀yìn ibi tí a ti ń sá kòkó, ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Lálúpọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti há sẹ́yìn agbégilódò rí lójú ọ̀nà Ìwó, ẹ mọ àwọn ẹbí rẹ̀: kò sí ilẹ̀kùn, kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọkọ̀ kan sì wà lẹ́yìn tó gbé igi dání, tí yóò sáré fi há táyà bí ọkọ̀ bá fẹ́ sún padà lórí òkè. A máa ń bú wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí irin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ọkọ̀ yìí ṣe sójà fún ọdún díẹ̀, ó ṣe àgbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà ní bárékè, apá tó gùn jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ló fẹ́ pa rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ti rí láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ká "tún un ṣe" kò tíì fọwọ́ kan sípánà rí. Agbọ́n ló kọ́kọ́ lé wa. Lẹ́yìn agbọ́n, ikán: wọ́n ti jẹ pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ tán, ó ku bọ́ọ̀tì nìkan. Eku ti gé wáyà jẹ. Ẹ́ńjìnnì sì ti gan pa. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi ọdún gbọọrọ dúró láìyí, ọ̀rinrin á wọlé, ìpẹtà á sì lẹ ríìnì písítìn mọ́ ara sìlíńdà. Ẹni tí kò ní sùúrù á so ọkọ̀ mọ́ katakata, á fà á, ríìnì á ṣẹ́ sínú, ó parí. Bàbá mẹkáníìkì wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n sì máa ń pè wá ní "ẹ̀yin ọmọ yunifásítì" bí ẹni ń bú èèyàn, yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n da kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Gbogbo Sátidé la ń padà wá. A ó ti irin bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, a ó tì í díẹ̀, kò ní mì, bàbá á tún da kẹrosíìnì sí i, a ó tún lọ sílé. Ní Sátidé kẹrin ó yí díẹ̀, ó han bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, àwọn ọmọdé abúlé sì hó yèè.

Táyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó lè pa èèyàn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni ríìmù pín sí, bọ́ọ̀tì ló sì so wọ́n pọ̀. Nọ́ọ̀tì oríṣi méjì ló wà lójú táyà: àwọn kan di táyà mọ́ ọkọ̀, àwọn kan di ríìmù pọ̀ mọ́ra. Bí èèyàn bá tú oríṣi kejì yìí nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà, ìdajì ríìmù á fò jáde bí ọta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi máa ń kun àwọn nọ́ọ̀tì náà ní ọ̀dà pupa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ti kùn lákùntúnkùn láti ọdún yìí wá, níbo la ti fẹ́ rí ọ̀dà pupa? Kí fọkanáísà wa tó fi sípánà kan ohunkóhun, bàbá ní kó kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù, ìbáà jẹ́ irú ríìmù yẹn, ìbáà má jẹ́ òun. Ọmọkùnrin náà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò sí ibi tó ti fẹ́ gbọ́ ọ, àfi lẹ́nu irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pààtì wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Bedford ti kú. Ní 1987 ni General Motors ta ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AWD, ìyẹn náà sì dojú dé ní 1992. Federated Motor Industries ti UAC, tó ń to Bedford pọ̀ l'Ékòó nígbà kan, ti di ìtàn. A lọ sí Àràròmí ní Agodi Gate. Ẹni tó bá fẹ́ pààtì Toyota, kò ní rìn jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dárúkọ Bedford, ọ̀gá kan bi wá bóyá bàbá wa àgbà ló rán wa níṣẹ́. Ohun tí a rí níkẹyìn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin la ti rí i: ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bíi pé Ìbàdàn ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí o. Ìlú yìí náà ni Leyland Nigeria ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan nínú wọn ń dáko báyìí.

Ẹ́ńjìnnì ló dá ìjà sílẹ̀ jù. Bàbá ní kí a gbé ẹ́ńjìnnì Mercedes 911 tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn fárí gá, ó ní bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ọkọ̀ ogun mọ́, ayédèrú ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ mi ò gbà. Bedford yìí máa ń mu ju lítà 30 bẹntiróò lọ lórí kìlómítà 100, lójú ọ̀nà tó dára pàápàá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, àgbẹ̀ wo ló fẹ́ ra epo yẹn? Ọkọ̀ tí kò bá lè ná owó ara rẹ̀ ní abúlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sẹ́yìn ibi ìsákòkó, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù á sì tún dé.

Àwọn tí wọ́n lówó jù wá lọ gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀. Táńkì Jámánì kan wà ní Bovington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Tiger 131. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ní Tùnísíà, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní oṣù Kẹrin 1943. Ní 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ. Òun nìkan ni irú rẹ̀ tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láyé. Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n gbé sínú rẹ̀ nígbà yẹn? Ti inú táńkì Jámánì mìíràn tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan náà. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ohun tí mo bá ọ̀rẹ́ mi fẹnu kò lé lórí ni pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà kò gbọdọ̀ kúrò ní abúlé: ká fi gírísì pa á, ká gbé e sábẹ́ òrùlé, ká kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Òrùlé yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ. Ní Umuahia, níbi tí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ti ṣí Mùsíọ́ọ̀mù Ogun ní oṣù Kínní 1985, Red Devil wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Biafra fi irin nípọn bò nígbà tí wọn kò rí táńkì rà. Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ dúró sí, nínú òjò àti oòrùn. Ọ̀dà kì í wo ìpẹtà sàn, ńṣe ló ń daṣọ bò ó. Bí wọ́n bá ní kí n ná owó lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, páànù ni mo máa kọ́kọ́ rà.

Ó wá kan àwọ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń lá àlá pé a ó kun Bedford ní àwọ̀ ewé ti sójà, ká máa fi ya fọ́tò. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí kì í ṣe ológun tó bá ń wa ọkọ̀ aláwọ̀ sójà kọjá níwájú bárékè l'Ójóò, kó má retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. Èkejì ló dùn mí jù. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ owó orí, ọlọ́pàá àti sójà ni ìjọba rán sí wọn, títí Táfà Adéoyè àti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà fi jà á débi tí ìjọba fi sọ ọ́ di pọ́n-ùn méjì péré. Àwọn tó sá wọ igbó nígbà yẹn ṣì wà láàyè ní Àkànràn àti ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tí ẹ bá sì wá sí ọ̀dọ̀ tiwa, ojú ọ̀nà Ìwó yìí náà ni wọ́n gbé Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì gbà ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1966, wọ́n sì pa wọ́n nítòsí Lálúpọn. Ìyá àgbà kan ti sọ fún wa pé bí a bá kun ọkọ̀ yẹn ní àwọ̀ ewé, a kò gbọdọ̀ gbé e gba iwájú ilé àwọn.

Búlúù ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi kùn ún, wọ́n sì ní kí oníṣẹ́ ọnà kọ "Ẹ Rọra Ṣe" sí iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Níbi tí búlúù ti bó, àwọ̀ ewé hàn lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò rí sójà lábẹ́, yóò rí àgbẹ̀ lókè. Ká fọ̀ ọ́, ká pa ìpẹtà ibi tó ti fẹ́ lu, ká má ṣe fọwọ́ kan ìyókù.

Èyí tí mo ń bá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ nìyí. Láti 1973 ni ITF ti dá SIWES sílẹ̀ kí ọmọ ilé ìwé lè rí iṣẹ́ ojú ayé. Mélòó nínú wa ló fi oṣù mẹ́fà ṣe fọ́tókọ́pì, tó sì ń ra búrẹ́dì fún ọ̀gá? Àwọn olùkọ́ kan kì í fọwọ́ sí i bí ibi iṣẹ́ kò bá ní lẹ́tà tí wọ́n tẹ orúkọ sí lórí, bàbá wa ò sì ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Orí ni wọ́n fi mọ ètò tí iná fi ń ta nínú sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 1-5-3-6-2-4, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ki oríkì. Wọ́n á fetí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sọ fáàfù tó ń jò. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ wọn báyìí, torí ọ̀kadà ń mówó wọlé lójúmọ́. Kí ẹ̀ka kan gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ irú wọn, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n bá tú, kí wọ́n gba ohùn bàbá sílẹ̀. Mo fi dá yín lójú pé ìwé tí wọ́n á kọ jáde níbẹ̀ yóò wúlò ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tó ń jẹ eruku ní láíbìrì lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, tiyín rọrùn. Irú Bedford yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ panápaná tí wọ́n ń pè ní Green Goddess, èyí tí àwọn sójà wà jáde nígbà tí àwọn panápaná daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1977 àti ní 2002. Wọ́n ti tà wọ́n fún àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, nítorí náà pààtì wọn ṣì wà níbẹ̀. Rọ́bà inú sìlíńdà bíréèkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìwé tí mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé: àwọn la ń wá. Jíà ti wọlé padà, ẹ́ńjìnnì 911 ti dé orí ìjókòó rẹ̀, ajórin ń ṣe irin tó máa so méjèèjì pọ̀. Bíréèkì ni kò tíì sí, bàbá sì ti sọ pé àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí i títí tí bíréèkì yóò fi mú.