Ilé Ibùgbé Akẹ́kọ̀ọ́ Kì Í Ṣe Ibi Oorun Lásán

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò ka ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi oorun lásán. Olùkọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀gá ilé, kí àgbà lè wà nítòsí ọmọ. Orúkọ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ṣì wà lára ọ̀kan nínú àwọn ilé náà dòní. Ṣùgbọ́n kí là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa báyìí? Omi ò yọ, iná ti lọ, èrò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ìṣirò ń dà láàmú lóru, ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Lójú tèmi, ìrànlọ́wọ́ ò jìnnà. Yàrá kejì ló wà. Ọlọ́dún kẹrin tó ti la iṣẹ́ yẹn kọjá ń gbé nínú ilé kan náà. Kí àwọn aláṣẹ yan irú wọn, kí wọ́n fún wọn lówó díẹ̀, kí wọ́n sì ya yàrá ìkàwé tó ní iná sólà sọ́tọ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá ilé náà máa yọjú síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ìjà nìkan la ó máa rí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí òbí ta ilẹ̀ kó tó rán an níwèé kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi torí pé kò rí ẹni bi ní ìbéèrè.