Ìmúra fún Gígun Òkè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé akínkanjú nìkan ni ó lè gun òkè gíga. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìgboyà a máa mú ènìyàn kúrò nílé, ṣùgbọ́n ìmúra ni ó ń mú un padà bọ̀ láyọ̀.

Kò di dandan kí ọmọ ilẹ̀ Okun rìn jìnnà kí ó tó rí ẹ̀rí èyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Tápà láti Bídà ń kó àwọn ará Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá gòkè láìmọ ibi tí omi wà, òùngbẹ ni yóò lé e sọ̀kalẹ̀ bá ọ̀tá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fún ọ̀dọ́ tí ó ń gbèrò láti gbé àpò sẹ́yìn lọ gun òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania. Gíga òkè náà tó mítà 5,895. Bí ènìyàn ti ń gòkè ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ooru a máa fi nǹkan bí dígírì 6 dínkù. Nítorí náà ni yìnyín fi wà lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbóná ni ó yí i ká. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kánjú, orí fífọ́ àti èébì ni yóò kọ́kọ́ kì í nílọ̀. Bí ó bá ṣe agídí tí kò sọ̀kalẹ̀, ó lè kú.

Àwọn kan yóò wí pé òkè Kàbà àti ti Ògìdì kéré jù láti fi kọ́ṣẹ́. Àpáta kékeré kò ha lè ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ bí? Níbẹ̀ gan-an ni kí ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àpáta a máa yọ̀ lásìkò òjò, àrá sì ń sán. Kí ó bèèrè ọ̀nà àti èèwọ̀ òkè náà lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú. Kí ó di omi sápò ṣáájú aṣọ ẹ̀ṣọ́. Kí ó sọ wákàtí tí yóò padà fún àwọn ará ilé, kí ó sì pa á mọ́.

Bí ojú ọjọ́ bá sì yí padà lójijì, kí ó má ṣe tijú láti sọ̀kalẹ̀. Òkè yóò wà níbẹ̀ lọ́la. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ẹni tí yóò gùn ún náà wà.