Ajá Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Dá
Bí ọ̀kadà bá gbá ajá ní Òjòkú, kíá ni a ó ti máa ṣírò iye tí ẹlẹ́ran ajá yóò san. Èmi lòdì sí i. Ìwé Òwe 12:10 ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó rí i pé a ta aṣọ́lé tí kò lè sáré mọ́, kí ni yóò rò nípa ọjọ́ ogbó wa?

Ẹ rọra fi aṣọ di ẹnu ajá náà kí ẹ tó gbé e, nítorí ìrora a máa mú un bu ẹni tí ó ni ín jẹ. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ó lè pa á. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin kò kúkú jìnnà. Bí wọ́n bá ti di ẹsẹ̀ náà, ẹ sé ajá mọ́ ojú kan. Eegun lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ó tó so. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bu omi fún un.