Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ọjọ́ Wo Lẹ Ṣe É?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń béèrè èsì àyẹ̀wò HIV lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Kano, òfin ọdún 2024 ti sọ àyẹ̀wò HIV, mẹ́dọ̀wú àti genotype di dandan ṣáájú ìgbéyàwó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé èsì yẹn lè má mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹni tó gbin àgbàdo lónìí, tó lọ wo oko lọ́la, kò ní rí ewé kankan. Ìyẹn ò ní kó máà gbin nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn ṣe rí. Láti ọjọ́ tó bá wọ ara títí di ìgbà tí àyẹ̀wò lè rí i, àkókò kan wà láàárín. Èsì lè sọ pé kò sí nǹkan, kí ẹni náà sì ti máa kó o ran ẹlòmíràn.

Àkókò yìí kò dọ́gba. Àyẹ̀wò HIV ojú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gún ìka ṣe, lè gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó fi òótọ́ hàn. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti iṣan apá, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Àtọ̀sí àti chlamydia sábà máa ń hàn lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́dọ̀wú B sábà máa ń gba ọjọ́ 30 sí 60. Syphilis lè gbà tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ má sì dúró de àmì àìsàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní chlamydia ni kò mọ̀ ọ́n lára rárá, bẹ́ẹ̀ ló lè ba ọ̀nà ilé ọmọ jẹ́, kó sì di àìrọ́mọbí.

Tí kọ́ńdọ̀mù bá ya, tí wọ́n bá fipá bá ènìyàn lò pọ̀, tàbí tí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò bá gún un, kó má jókòó ka oṣù mẹ́ta. Kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà tó lè dènà HIV, wákàtí 72 péré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Bó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára sí. Kó ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn, kó tún un ṣe lọ́jọ́ tí dókítà bá dá, kó sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí di ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá aláìsàn HIV jẹun nínú àwo kan náà, tó dì mọ́ ọn, tàbí tí ẹ̀fọn jẹ, kò ní ohun tó ń sá fún. HIV kì í gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin àfẹ́sọ́nà, ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ẹ bá ti mọ ara yín lójú àwọn òbí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí kò sí ewu kankan láàárín, ẹ jọ padà lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó lé wọn lérè ju ìlera wọn lọ. A lè sún ọjọ́ ayẹyẹ síwájú.